Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran: Ìbínú, Ìbẹ̀rù àti Ọ̀rọ̀ Tí Oníbàárà Ń Kọ Sábẹ́ Ọjà

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn olùtajà àti oníṣẹ́ ọwọ́ ní Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù tajà láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìjerò, Èkìtì kete, mo kí yín o. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó dátà. Àwọn tó ṣáájú mi láàárọ̀ yìí ti sọ nípa fọ́tò ọjà, wọ́n ti sọ nípa owó dẹlifárì, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa nípa àwọn tó ń fi álẹ́ẹ̀tì báǹkì ayédèrú gbé ọjà ọlọ́jà lọ. Mi ò ní tún un sọ. Orí ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dúró lé: ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kọ sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti ra ọjà tán, èyí tí gbogbo wa ń pè ní rífíù. Nínú rífíù náà, ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni bí inú ẹni tó kọ ọ́ ṣe rí nígbà tó ń kọ ọ́. Ṣé inú ń bí i ni? Ṣé ẹ̀rù ń bà á? Àbí inú rẹ̀ dùn débi pé àdúrà nìkan ló rí kọ? Ẹni tó fẹ́ ra ọjà yín lọ́la kò mọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà, kò sì rí ojú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ojú. Ọ̀rọ̀ nìkan ló kù, inú ọ̀rọ̀ yẹn sì ni òǹkàwé ti ń wá ojú ẹni tó kọ ọ́.

Ní ọdún 1995 ni Amazon, ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Amẹ́ríkà, ti gba àwọn oníbàárà láàyè kí wọ́n máa kọ èrò wọn sábẹ́ ọjà, ìbáà ṣe ìyìn, ìbáà ṣe ẹ̀dùn ọkàn. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìbéèrè kékeré kan sábẹ́ rífíù kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bi ẹni tó kà á bóyá ó ràn án lọ́wọ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ní ó ran àwọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbé sókè kí àwọn mìíràn lè tètè rí i. Bọ́tìnì kékeré yẹn ló fún àwọn olùwádìí lọ́nà láti mọ irú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń kà sí ọ̀rọ̀ gidi. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé eré ọmọdé ni. Michael Luca, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Harvard nígbà náà, yẹ àwọn ilé oúnjẹ ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà wò lórí Yelp, ìkànnì tí oníbàárà ti ń kọ rífíù, ó sì rí i pé bí ìràwọ̀ ilé oúnjẹ, ìyẹn máàkì tí àwọn oníbàárà fún un, bá fi ẹyọ kan lé sí i, owó tó ń wọlé fún un ń fi ìdá 5 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Àwọn ilé oúnjẹ aládàáni tí kò ní ẹ̀ka káàkiri ni èyí kàn, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú yín tó jókòó síbí.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ méjì kalẹ̀ fún yín. Èmi ni mo to méjèèjì fún àpẹẹrẹ, wọn kì í ṣe ti oníbàárà kankan. Ọjà tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni ìyẹ̀fun iyán tí a ń pè ní pọ́ńdò. Mo mọ̀ pé ní Èkìtì níbí, ẹni tó bá gbé pọ́ńdò síwájú àlejò yóò gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti Àbújá, tí kò sí odó nílé wọn, pọ́ńdò ni wọ́n ń rà, ọ̀pọ̀ nínú yín ló sì ń tà á fún wọn. Oníbàárà àkọ́kọ́ fún ọjà náà ní ìràwọ̀ kan, ó wá kọ báyìí:

«Olè paraku ni yín! Ẹ fi owó mi jó! Irú ìyà wo rèé? Ọlọ́run ló máa dá yín lẹ́jọ́. Ẹ̀yin ará, ẹ má rà á o, oníjìbìtì ni wọ́n!!!»

Oníbàárà kejì náà fún un ní ìràwọ̀ kan, kò fi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó kọ nìyí:

«Mo ra kílò 2 fún màmá mi. Nígbà tí mo rò ó lórí iná, ó ń fà bíi fùfú, ó sì ní òórùn díẹ̀. Àyà mi já, torí mi ò rí nọ́ńbà NAFDAC lára àpò rẹ̀, mi ò sì rí ọjọ́ tó máa bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ màmá mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n po ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn. Mi ò tíì fún wọn jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á rí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni tiyín náà ṣe rí?»

Ìràwọ̀ kan sí ìràwọ̀ kan, àwọn méjèèjì ni ọjà náà já kulẹ̀, inú àwọn méjèèjì kò sì dùn. Àmọ́ bí mo bá ní kí ẹ nawọ́ sí èyí tó ràn yín lọ́wọ́, mo mọ ibi tí ọwọ́ yóò pọ̀ sí.

Àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Dezhi Yin, Samuel Bond àti Han Zhang, yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó ń jẹ́ MIS Quarterly ní ọdún 2014. Kí wọ́n tó dé, ohun tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ń ṣe ni pé wọ́n ń pín rífíù sí méjì: èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Àwọn mẹ́ta yìí ní rárá, àwọn ìmọ̀lára tí kò dára pàápàá kì í ṣe ọ̀kan náà. Wọ́n mú méjì nínú wọn, ìbínú àti àìbalẹ̀ ọkàn, wọ́n fi wọ́n wé ara wọn. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní rífíù kà, wọ́n sì tún lọ wo àwọn rífíù gidi tí oníbàárà kọ nípa àwọn olùtajà lórí ibi ìtajà Yahoo. Ohun tí wọ́n rí ni pé rífíù tí àìbalẹ̀ ọkàn hàn nínú rẹ̀ ni àwọn òǹkàwé kà sí ìrànlọ́wọ́ ju èyí tí ìbínú kún inú rẹ̀ lọ.

Ìdí tí wọ́n fi sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an ló wù mí jù nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí òǹkàwé ń díwọ̀n nínú ọkàn rẹ̀ ni bí ẹni tó kọ̀wé ṣe ronú tó kó tó kọ ọ́. Tó bá ti rí ìbínú, á sọ fún ara rẹ̀ pé eléyìí ò ronú rárá, ohun tó wá sí i lẹ́nu ló kọ. Tó bá rí ìbẹ̀rù, á gbà pé ẹni náà yí ọjà náà wò síwá sẹ́yìn, ó ń wá àrídájú. Òǹkàwé lè má mọ̀ pé òun ń ṣe irú ìdíwọ̀n yìí. Ó ti di ara rẹ̀ ni.

Níbo ni èrò yìí ti wá? Láti inú bí ìmọ̀lára wa ṣe rí ni. Ní ọdún 1985, Craig Smith àti Phoebe Ellsworth, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣe àlàyé bí ènìyàn ṣe ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kí ìmọ̀lára kan tó gba ọkàn rẹ̀. Ẹni tí inú ń bí ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé òun mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dá a lójú, ó sì mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò tíì mọ̀ dájú. Nítorí pé kò dá a lójú, ó ń wò, ó ń béèrè, ó ń fi eyín tọ́ ọ wò, ó ń ka ẹ̀yìn àpò. Ẹ tún wo oníbàárà wa kejì: ó wá nọ́ńbà NAFDAC, ó wá ọjọ́ tí ọjà máa bàjẹ́, ó kíyè sí bó ṣe ń fà lórí iná. Kò sí ẹni tó rán an. Ìbẹ̀rù ló rán an. Àkọ́kọ́ kò wá nǹkan kan, torí lójú tirẹ̀, ẹjọ́ ti parí, olè ti hàn.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí mo rí i pé àwọn kan ti ń mi orí, bí ẹni pé mo ń sọ pé kí oníbàárà má bínú mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi owó oṣù rẹ̀ ra ọjà tí wọ́n sì rẹ́ ẹ jẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni èyí tí àwọn bàbá wa ti sọ: bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìbínú tó ń ríran wà. Ẹ gbọ́ èyí tí mo tún tò:

«Inú bí mi gidigidi. Ọjọ́ Ajé ni mo sanwó, wọ́n ní Ọjọ́rú ni ọjà máa dé Ìkọ̀lé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dé, àpò méjì nínú márùn-ún ti ya. Mo pè wọ́n títí, wọn ò gbé e. Ó dùn mí, torí mo ti gba owó àwọn tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi.»

Ìbínú wà níbẹ̀, kò sì fi pamọ́. Síbẹ̀, ẹni tó kà á mọ ọjọ́ tí wọ́n sanwó, ó mọ ọjọ́ tí ọjà dé, ó mọ iye àpò tó ya, ó mọ̀ pé wọn kì í gbé ìpè. Tó bá jẹ́ pé ẹni tí kò kánjú ni, ó lè ní ìdádúró yẹn kò kan òun, kó sì rà á. Tó bá jẹ́ pé òde ìgbéyàwó ló fẹ́ lò ó fún, ó ti mọ̀ pé kí òun wá ibòmíràn. Rífíù yẹn ti ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń wá yàtọ̀ síra. «Olè ni yín» kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan náà tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò wo irú ìmọ̀lára, bó ṣe gbóná tó ni wọ́n wò, nínú rífíù tí àwọn ènìyàn kọ nípa àwọn áàpù lórí ilé ìtajà Apple. Ohun tí wọ́n rí kò lọ lọ́nà tààrà. Rífíù tó tutù jù, tí kò sí ẹ̀mí kankan nínú rẹ̀, kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ lójú òǹkàwé. Bí ó bá gbóná díẹ̀, ìwúlò rẹ̀ á lọ sókè, torí á hàn pé ọ̀rọ̀ náà ká ẹni tó kọ ọ́ lára. Bó bá ti wá gbóná kọjá ààlà, ìwúlò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Gbogbo wa la ti rí irú rẹ̀: lẹ́tà ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmì ìyanu mẹ́wàá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan, ojú tó ń sunkún tò lọ bẹẹrẹ. Ọwọ́ tó fi ń tẹ lẹ́tà ló yá, ọkàn tó yẹ kó máa darí rẹ̀ ti lọ ilé.

Ẹ̀gbẹ́ ayọ̀ ńkọ́? Ibí ni mo fẹ́ kí á bá ara wa sọ òótọ́, torí àṣà tiwa wà nínú rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn rífíù tí àwọn onímọ̀ yẹn yẹ̀ wò. Yorùbá ní tirẹ̀. Bí inú wa bá dùn sí olùtajà, àdúrà la máa ń gbà fún un. «Ẹ ṣeun o, ọjà á tà, ẹ ò ní rí ogun ọjà, Ọlọ́run á fi kún un.» Bí inú bá bí wa, èpè ni. «Ohun tí ẹ ṣe fún mi, ẹ̀yin náà á rí i.» Ọ̀pọ̀ rífíù tí mo ń kà lábẹ́ ọjà àwọn ará wa, bí wọn kò bá jẹ́ àdúrà, èpè ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ sí Ọlọ́run ni méjèèjì, a kò sì rántí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú owó lọ́wọ́ rẹ̀, tó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun rà á.

Mi ò ní kí ẹ má ṣàdúrà. Ọmọ Yorùbá wo ló máa gba ire tí kò ní súre? Ṣùgbọ́n kí ire náà tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ọjà. Ẹ wo bí ó ṣe lè rí, fún aránṣọ kan:

«Aránṣọ yìí ní Òkèṣà ló bá mi rán bùbá àti ṣòkòtò fún ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni yóò yá, Ọjọ́rú ló pè mí. Ọrùn bùbá náà fún díẹ̀. Mo dá a padà, ó tú u, ó tún un rán níṣojú mi, kò gba kọ́bọ̀. Inú mi dùn gan-an ni. Olúwa á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín.»

Àdúrà wà níbẹ̀ o. Ẹ tún kíyè sí ọrùn tó fún yẹn. Àléébù kékeré tí oníbàárà sọ láìfi bò ló jẹ́ kí òǹkàwé gba ìyókù gbọ́. Bí wọ́n bá bẹ̀ mí pé àwọn fẹ́ fi rífíù yìí sórí státọ́ọ̀sì, kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ọrùn kúrò, mo máa ní kí wọ́n má yọ ọ́. Òun ló gbé aránṣọ náà ga jù: a ti mọ bó ṣe ń ṣe bí nǹkan ò bá gún.

Susan Mudambi àti David Schuff ti rí ohun tó sún mọ́ èyí ní ọdún 2010, nígbà tí wọ́n yẹ rífíù 1,587 wò lórí Amazon, nípa oríṣi ọjà mẹ́fà. Àwọn ọjà kan wà tí ènìyàn lè mọ̀ kó tó rà wọ́n, bíi kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: a lè ka iye iṣẹ́ tó ń ṣe. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó lò ó ló mọ̀ ọ́n, bí orin àti eré orí kọ̀ǹpútà. Fún irú èkejì yìí, rífíù tó ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo tàbí márààrún péré kò ran àwọn òǹkàwé lọ́wọ́ tó èyí tó wà láàárín. Ẹ̀yin oníṣẹ́ oúnjẹ, ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìtura lọ́nà Ìkógosì, ọjà tí a ń tọ́ wò ni tiyín. Ẹni tó bá ní «ó dára jù láyé» kò tíì sọ nǹkan kan. Wọ́n tún rí i pé rífíù tó gùn tó, tó ní àlàyé, ló ń ranni lọ́wọ́ jù, pàápàá lórí ọjà bíi kámẹ́rà yẹn.

Tí mo bá dúró síbí, ẹ̀yin olùtajà yóò lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀ tí kò yẹ. Ẹ ó ní: ṣebí wọ́n ní rífíù ìbínú kò wúlò, kí ló wá kàn mí? Ẹ fara balẹ̀. Ní ọdún 2021, Yin, Bond àti Zhang tún gbé iṣẹ́ mìíràn jáde, èyí sì ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ. Wọ́n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tí gbogbo ènìyàn ti ń kà sí ọ̀kan: bóyá rífíù wúlò lójú ẹni tó kà á, àti bóyá ó yí èrò rẹ̀ padà nípa ọjà. Wọ́n rí i pé ìbínú ń dín ìwúlò rífíù kù lójú òǹkàwé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òǹkàwé kan náà, tó ní ọ̀rọ̀ yẹn kò ran òun lọ́wọ́, èrò rẹ̀ nípa ọjà náà ti burú sí i.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sílé. Ìyá kan ń bọ̀ láti Kàdúná wá síbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì Adó yìí. Ó ń wá ilé ìtura lórí fóònù rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó rí ọ̀kan tí owó rẹ̀ bá a lára mu. Ó sọ ojú sí rífíù, ó rí i: «Ẹ má sùn síbẹ̀ o! Ìranù ni gbogbo wọn! Wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà!!!» Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní inú ló ń bí eléyìí, kò sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Bí wọ́n bá bi í, yóò ní ọ̀rọ̀ yẹn kò wúlò. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá ilé ìtura mìíràn. Kò lè ṣàlàyé ìdí, ara rẹ̀ kàn kọ̀ ọ́ ni. Ẹni tó ni ilé ìtura náà yóò máa wo iye àwọn tó tẹ bọ́tìnì lábẹ́ rífíù yẹn, yóò rí òdo, yóò ní kò sẹ́ni tó kà á sí. Wọ́n kà á sí o. Wọ́n kàn lọ ni, wọn ò dágbére.

Nítorí náà, ẹ má fi bọ́tìnì yẹn díwọ̀n ohun tí rífíù ìbínú ń ṣe sí ọjà yín. Ó ń ba ọjà jẹ́ níbi tí ẹ kò ti lè rí i. Èyí sì ni ìdí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń kọ̀wé àti ẹni tó ń tajà bákan náà. Ẹni tó ń kọ̀wé, bí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ ewu, kó kọ ohun tó rí sínú ìbínú rẹ̀. Ẹni tó ń tajà, kó má dúró de ìgbà tí ìbínú oníbàárà yóò ru sókè kó tó dá a lóhùn.

Nípa rírú sókè yẹn, ohun kan wà ní ìlú bíi tiwa. Nan Hu, Paul Pavlou àti Jie Zhang ti ṣàlàyé ní ọdún 2009 ìdí tí rífíù fi máa ń pọ̀ níbi ìràwọ̀ márùn-ún àti níbi ìràwọ̀ kan, tí àárín fi máa ń ṣófo. Ọ̀kan nínú ìdí náà ni pé ẹni tí ọjà tẹ́ lọ́rùn níwọ̀nba kì í ráyè kọ nǹkan kan. Ní Adó níbí, a tún ní ìdí tiwa. Ẹni tó ta bàtà fún mi lórí WhatsApp, ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ̀ àti ìyá mi jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ń tì mí láti sọ pé bàtà náà já lọ́sẹ̀ kejì. Mo máa dákẹ́. Mo máa rà lẹ́ẹ̀kejì, mo máa dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tó mi, ohun tó sì máa jáde lẹ́nu mi kò ní dára gbọ́. Olùtajà á wá ní: ẹ wo ohun tí ó kọ nítorí bàtà kan ṣoṣo! Kì í ṣe bàtà kan. Ìdákẹ́jẹ́ gbogbo ìgbà yẹn ló bú gbàù.

Orí státọ́ọ̀sì WhatsApp ni ọ̀pọ̀ yín ti ń tajà, kò sì sí bọ́tìnì ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀. Olùtajà fúnra rẹ̀ ló ń ya fọ́tò ọ̀rọ̀ oníbàárà, òun ló ń yan èyí tó máa gbé síta. Àdúrà nìkan ló ń jáde. Àwọn tó ń wò ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá rí státọ́ọ̀sì tó jẹ́ «Ọlọ́run á fi kún un» láti òkè délẹ̀, mi ò rò pé ọjà náà dára, mi ò sì rò pé kò dára. Mi ò rò nǹkan kan. Ẹ gbìyànjú kí ẹ máa bi oníbàárà ní ìbéèrè tó ní ojú: ọjọ́ wo ni ọjà dé? Ibo ni kò tẹ́ yín lọ́rùn? Ṣé ẹ máa rà á fún ẹlòmíràn? Ẹ gbé ìdáhùn rẹ̀ síta bó ṣe rí.

Ti rífíù tí a fi owó rà, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tó ka títà àti ríra rífíù ayédèrú léèwọ̀. Òfin tiwa lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, náà kò gba olùtajà láàyè láti fi irọ́ tan ẹni tó ń ra ọjà jẹ. Ẹ má ṣe é.

Èyí tó wúwo lọ́kàn mi ni apá kejì òfin, èyí tó kan ẹni tó kọ ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, obìnrin kan kọ ọ́ sórí Facebook pé ṣúgà inú tòmátò alágolo kan ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ ìtọ́wò ni, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè sọ nídìí ààrò. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é fẹjọ́ sùn, ọlọ́pàá sì mú un. Mo gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí oníbàárà kankan. Olùtajà tó bá ń fi ọlọ́pàá dá rífíù lóhùn ń lé àwọn tó ń sọ òtítọ́ lọ ni. Wọn ò ní dákẹ́ tí wọ́n bá kúrò níwájú rẹ̀. Inú yàrá WhatsApp ni wọ́n á ti máa sọ ọ́, níbi tí kò ti ní lè fèsì. Oníbàárà tí wọ́n bá sì rẹ́ jẹ, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, wà fún un, wọ́n ń gba ẹ̀sùn.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí, ìyá kan tó ń ta wíìgì ní Ajílósùn nawọ́ sókè. Wọ́n ní: «Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹni tí inú ń bí bá wá bú mi lábẹ́ ọjà mi, tí gbogbo ayé sì ń rí i, ṣé kí n pa á rẹ́ ni, àbí kí n lọ bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀?»

Mo ní, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má pa á rẹ́, àfi bí ó bá jẹ́ ìhàlẹ̀ tàbí bí ó bá gbé nọ́ńbà àti àdírẹ́sì yín síta. Bíbẹ̀ ní kọ̀rọ̀ dára, ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ kọ èsì sí gbangba náà, torí ìyá tó ń bọ̀ láti Kàdúná kò lè rí ohun tí ẹ sọ ní kọ̀rọ̀. Oníbàárà náà bínú, kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ bá a sọ ọ́. Ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ fi iye sí i, ẹ fi ohun tí ẹ ti ṣe sí i. Bí àpẹẹrẹ: «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Òótọ́ ni, Ọjọ́rú la ní wíìgì yín máa dé, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dé, torí ọkọ̀ tó gbé e bàjẹ́ ní Ìtawùré. A kò pè yín láti sọ fún yín, ẹ̀bi wa ni. A ti dá owó dẹlifárì yín padà láàárọ̀ yìí.» Ẹni tó bá ka ìbínú yẹn lókè, tó wá ka èsì yìí nísàlẹ̀, ti ní nǹkan gidi láti fi dá ẹjọ́, torí agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Wọ́n tún bi mí ìgbà tó yẹ kí wọ́n kọ èsì náà. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, torí òru ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ọjà ń wọlé, nígbà tí dátà òru bá ti mú owó rẹ̀ wálẹ̀.